Fáànù Tí Kò Ní Í Bo Ohùn Àgbà Mọ́lẹ̀

Mìlímítà 46 ni gbogbo àyè tó wà fún irin tó ń fa ooru àti fáànù lórí prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, nínú kọ̀ǹpútà kékeré tí ASRock ń pè ní DeskMini X300. Àpótí náà kò tó lítà méjì: ó gùn ní mìlímítà 155, ó fẹ̀ ní 155, ó sì nípọn ní 80. Ẹni tó bá ra prósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600G, tí AMD gbé jáde ní 2021, láti fi sínú rẹ̀ yóò bá fáànù kan nínú páálí prósẹ́sọ̀ náà, kò ní í san owó kún un. Ṣùgbọ́n fáànù ọ̀hún ga tó mìlímítà 54. Ìdérí kò ní í pa dé. Ẹni náà ní láti wá òmíràn fúnra rẹ̀, èyí tó bá sì yàn ni yóò sọ bí tábìlì rẹ̀ ṣe máa dún láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru, fún ọdún tó pọ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ń gbé, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè àpáta tí ẹni tó bá wọ rélùwéè láti Kutọnu sí Parakú láyé ọjọ́sí máa ń rí lókèèrè kí ọkọ̀ tó dúró ní ìlú wa. Iṣẹ́ tí mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kò ṣòro ṣàlàyé. Mo ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: oríkì ilé, ìtàn ìdílé, bí a ṣe tẹ agbo ilé kan dó, ẹni tó wá láti ibì kan àti ìdí tó fi kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà màá jókòó, màá fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, màá sì máa tẹ ohun tí wọ́n sọ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí sílébù kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà mo fẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo lè kó sínú báàgì lọ sí agbo ilé ẹlòmíràn, tí kì í mu iná jù nígbà tó bá jẹ́ bátìrì oòrùn là ń lò, tó sì lè gba iṣẹ́ fídíò nígbà tí ó bá yá. Ẹ̀rọ alágbèéká ńkọ́? Mo ti lò ó. Fáànù inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àpótí kékeré lọ, bí ooru bá sì mú, igbe tó máa ń ké kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá.

Èmi kọ́ ni mo dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíọ́dún Adédìran gbé jáde ní 1994 lórí àwọn ìlú Yorùbá tó wà ní ààlà ìwọ̀-oòrùn, tí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu wà lára wọn, ẹnu àwọn àgbà ló ti rí púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Yáì, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láàrin 2007 sí 2009, lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ewì alohùn wa, ó sì mú un ní ohun tó tóbi. Ní 2001, UNESCO fúnra rẹ̀ kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí ìtàn so orísun rẹ̀ mọ́ Kétu, gẹ́gẹ́ bí ara àṣà aláìṣeéfọwọ́kàn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti fi hàn wá pé ohùn ni ilé ìkówèésí wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì fi ojú sí ni pé ohun èlò tí a fi ń tọ́jú ohùn náà ń pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ariwo kékeré fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tán-án-ná ọ̀fun rẹ̀ máa ń gbọ̀n tó ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti obìnrin máa ń tó 200. Bí ìgbọ̀n yẹn bá gòkè, a gbọ́ ohùn òkè. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, a gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. Orí èyí ni gbogbo èdè Yorùbá dúró lé. Wàyí o, ẹ mú fáànù kékeré kan tó ní ewé 7, kí ó máa yí nígbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan. Yíyí 25 nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ewé méje bá gé afẹ́fẹ́ nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, ìgbà 175 ni wọ́n ń gé e ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàrin gbùngbùn ibi tí ohùn ènìyàn ti ń gòkè tó ń sọ̀ ni ìró yìí bọ́ sí. Kò ní láti pariwo púpọ̀ kó tó dí etí. Ohùn àgbà máa ń wálẹ̀ bí gbólóhùn bá ń parí lọ. Sílébù tó kẹ́yìn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí lásán. Ibẹ̀ gan-an ni kíkùn fáànù ti ń gbé e lọ mọ́ni lọ́wọ́, tí n ó máa dá ohùn padà sẹ́yìn léraléra, tí n kò ní í mọ̀ bóyá ohùn ìsàlẹ̀ ni ìyá yẹn sọ tàbí ohùn àárín. Orúkọ ènìyàn lè yí padà níbẹ̀. Orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣí wá lè yí padà.

Ìyá àgbà kan ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ń ki ilé ọkọ rẹ̀, mo gbé máíkì sí iwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí mo yá lọ́wọ́ ojúgbà mi sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó dánu dúró lágbedeméjì.

“Ọmọ mi, kí ló ń kùn báyìí?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ ni.”

“Sọ fún un kó dákẹ́, kí n lè rántí tèmi.”

N kò lè sọ fún un kó dákẹ́. Ẹ̀rọ náà gbóná, ọ̀sán ni, bí mo bá sì pa á, ohun tí a ti gbà yóò dúró síbẹ̀. Ìyá tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ó sáré parí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣì ní ohun tó fẹ́ sọ.

Nílé tiwa, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọdé a dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní èyí nílé ìwé. Ohun tí ọmọdé bá gbé wá síwájú àgbà, ó yẹ kí ó dákẹ́ pẹ̀lú. Ojú tí mo fi ń wo fáànù láti ìgbà náà nìyẹn, mo sì rò pé ojú tó tọ́ ni, kódà fún ẹni tí kò gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tó kàn fẹ́ kọ lẹ́tà lóru nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti sùn.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé kò sí wàhálà níbẹ̀, pé ètò kọ̀ǹpútà wà tó ń yọ kíkùn kúrò nínú ohùn tí a gbà. Ó wà lóòótọ́. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé yóò kọ́ bí ariwo náà ṣe rí, yóò sì yọ ohun tó bá jọ ọ́ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n èémí àgbà jọ ọ́. Ìparí sílébù tó rọlẹ̀ jọ ọ́. Bí a bá fi ọwọ́ líle yọ ọ́, ohùn tó kù á dà bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi. Ó sàn kí ariwo náà má wọlé rárá.

Ohun méjì ló ń mú fáànù pariwo: bí ó ṣe ń yára yí, àti ohun tó dí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Ti àkọ́kọ́ ní òfin tí àwọn ẹlẹ́rọ ti mọ̀ tipẹ́. Bí a bá sọ ìyára fáànù kan di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 15 gòkè. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 péré sì ti tó kí etí ènìyàn gbọ́ ohun kan bí ẹni pé ó di méjì. Èyí túmọ̀ sí pé fáànù ńlá tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ dára ju kékeré tó ń sáré lọ, kí àwọn méjèèjì tilẹ̀ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ kan náà. Inú àpótí tí kò tó lítà méjì kò gba fáànù ńlá. Mìlímítà 92 ló máa ń gbà ní fífẹ̀, bóyá 14 tàbí 15 ní nínípọn. Ohun tí a lè ṣe kò ju pé kí a wá ọ̀nà tí fáànù kékeré náà kò fi ní í nílò láti sáré.

Ilé iṣẹ́ Noctua ti ilẹ̀ Austria, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ló ń ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Wọ́n pè é ní NH-L9i fún prósẹ́sọ̀ Intel, NH-L9a fún ti AMD. Irin rẹ̀ ga ní mìlímítà 23, fáànù orí rẹ̀ nípọn ní 14, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 37. Àwọ̀ rẹ̀, bí ilẹ̀ pupa tó pò mọ́ ọ̀rá, kò wu gbogbo ènìyàn, àmọ́ inú àpótí ni yóò wà. Fáànù náà lè yí dé 2500 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìwọ̀n yẹn, ilé iṣẹ́ náà sọ pé ariwo rẹ̀ jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 23.6. Wáyà kékeré kan wà nínú páálí rẹ̀ tí a lè fi dí iná rẹ̀ kù, kí ó má lè kọjá 1800. Ariwo á wá di 14.8. Ẹ fi èyí wé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 30 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 1999 pé ó yẹ kí ariwo yàrá má kọjá bí ènìyàn bá fẹ́ sùn dáadáa.

Thermalright ti Taiwan ní tirẹ̀, AXP90, ó sì wà ní gíga oríṣiríṣi: X36 ga ní mìlímítà 36, X47 ga ní 47. Mo fẹ́ràn X47 gan-an, nítorí irin rẹ̀ pọ̀ ju ti Noctua lọ, irin tó pọ̀ sì ni ìsinmi fáànù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò náà: àyè 46, irin àti fáànù 47. Mìlímítà kan péré. Mo mọ àwọn tó máa ń sọ pé ìdérí á ṣì pa dé tí a bá rọra tẹ̀ ẹ́. Èmi kò ní í ṣe é, nítorí ohun kejì tó ń mú fáànù pariwo ni mo ń rò. Fáànù tó fẹnu kan ìdérí oníhò kì í mí dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ihò wẹ́wẹ́ kọjá sí ẹnu ewé tó súnmọ́ ọn jù máa ń súfèé, súfèé yẹn a sì gún etí ju ìró fáànù fúnra rẹ̀ lọ. Mìlímítà 9 tó ṣẹ́ kù lórí èyí tó ga ní 37 wúlò ju irin tí n bá fi kún un. Nínú àpótí In Win Chopin tí àwọn kan fẹ́ràn, àyè náà kò ju 43 lọ. Ẹni tó bá ní ìyẹn kò tilẹ̀ ní í bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Nọ́ńbà orí páálí ní àléébù kan tí kò hàn sí ẹni tó ń rà á ní ìlú tútù. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáànù nìkan ni wọ́n fi ń wọn ariwo náà, láìsí irin nísàlẹ̀ rẹ̀, láìsí ìdérí lórí rẹ̀. Kò sì sí fáànù kankan tó lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Ohun tó lè ṣe kò ju kí ó dín àlàfo àárín wọn kù. Ká ní irin àti fáànù kan, bí prósẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, máa ń jẹ́ kí ó fi dígírì 50 gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ. Nínú yàrá tó wà ní dígírì 22, prósẹ́sọ̀ náà á wà ní 72, ara á rọ gbogbo ènìyàn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, afẹ́fẹ́ yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù lè wà ní 36. Prósẹ́sọ̀ náà á di 86. Ryzen 5 5600G ní ààlà tirẹ̀, 95, tó bá dé ibẹ̀ yóò máa dín iṣẹ́ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú àpótí kékeré tún gbóná ju ti yàrá lọ. Kí ó má baà dé ààlà, fáànù náà yóò sáré, yóò dé 2500 rẹ̀, yóò dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Fáànù kan náà, irin kan náà, tí ẹni tó rà á ní Vienna ń sọ pé òun kò gbọ́ ìró rẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé yíyan prósẹ́sọ̀ ló ṣáájú yíyan fáànù fún wa níhìn-ín. Bí prósẹ́sọ̀ wáàtì 65 bá ń fi dígírì 50 gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ lábẹ́ irin kan, èyí tí kò mu ju wáàtì 35 lọ yóò fi nǹkan bíi 27 gbóná lábẹ́ irin kan náà. Nínú yàrá dígírì 36, ìyẹn 63. Fáànù kò ní ohun tó ń lé e. Intel máa ń fi lẹ́tà T sẹ́yìn orúkọ irú prósẹ́sọ̀ bẹ́ẹ̀. AMD ní 5600GE. Ẹni tó bá ti ra 5600G tẹ́lẹ̀ náà kò pàdánù, ó lè wọ inú ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ (BIOS) kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ láti wáàtì 65 sí 45. Ìyára tó máa sọ nù kò ní í hàn lójú ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ tó sì ń gbọ́ ohùn. Iṣẹ́ fídíò nìkan ni yóò pẹ́ díẹ̀ sí i, fídíò sì ni ohun tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ kí ó máa ṣe ara rẹ̀ nígbà tí a bá lọ jẹun.

Mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú wa sọ èyí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ènìyàn ló ń wá èyí tó lágbára jù, ẹ̀yin wá ń wá èyí tí agbára rẹ̀ kéré.” Mo ní agbára tí mo nílò ni mò ń wá. Ó rò ó, ó ní àwọn kọ̀ǹpútà kékeré àlòkù tó ń ti Yúróòpù wọ Kutọnu, àwọn tí ilé iṣẹ́ ńlá ti lò lábẹ́ tábìlì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ wáàtì 35. Òótọ́ ló sọ, ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò ní láti wo ibòmíràn. Ohun tí mo fi kọ̀ wọ́n ni pé fáànù inú wọn jẹ́ irú èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bíi ti ẹ̀rọ alágbèéká, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló sì gé irin rẹ̀ ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, a kò lè fi òmíràn tó dákẹ́ jù ú lọ sí i. Àpótí tí mo lè ṣí, tí mo lè pààrọ̀ ohun inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo fẹ́.

Èyí tí kò ní fáànù rárá ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún un. Kò fa eruku, kò kùn. Fún prósẹ́sọ̀ wáàtì 6 tàbí 10, òun ni n bá sọ pé kí ènìyàn rà. Iṣẹ́ fídíò, tó nílò agbára ju ìyẹn lọ, ló dí mi lọ́wọ́.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ohun tó wà nísàlẹ̀ fáànù, nítorí òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó ṣòro. Nínú irin NH-L9 ni páìpù bàbà méjì wà, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu wọn dí pa. Omi díẹ̀ wà nínú wọn. Níbi tí páìpù ti kan prósẹ́sọ̀, omi náà á di ooru, á gòkè lọ sí etí irin níbi tí fáànù ti ń fẹ́ ẹ, á tutù, á sì tún di omi padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lábẹ́ ìdérí ìkòkò iṣu. Ògiri inú páìpù náà ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi padà sí ibi tó gbóná. Gaugler tó ń ṣiṣẹ́ ní General Motors gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú nǹkan yìí ní 1944, kò sí ẹni tó kà á sí. Ní 1963 ni George Grover àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Los Alamos tún un ṣe, nítorí ẹ̀rọ tó ń lọ sí ojú sánmà. Ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Kò ní ìró kankan. Gbogbo ìgbà tí mo bá ronú nípa rẹ̀ ni inú mi máa ń dùn.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá tó kù. Láti oṣù Ọ̀pẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn àríwá ti ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad, tí yóò sì bo àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ títí ojú ọ̀run yóò fi funfun. Eruku yẹn kúná ju èyí tí ọkọ̀ ń gbé sókè lójú ọ̀nà lọ. Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ sórí irin ń fà á sínú lójoojúmọ́, ibi tó ń kó o jọ sí kò sì hàn. Ẹni tó bá wo fáànù láti òkè yóò rí ewé tó mọ́ díẹ̀, yóò ní kò burú. Ẹ tú ìdè mẹ́rin tó mú un, kí ẹ gbé fáànù kúrò. Láàrin rẹ̀ àti irin ni ẹ máa bá a: ìpele eruku kan tó bo orí gbogbo ẹnu irin wẹ́wẹ́ náà, tó so pọ̀ débi pé ènìyàn lè fi èékánná mú un létí kí ó sì ká a kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ kò ti gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Fáànù ń sáré, ó ń ké, ooru sì wà níbi tó wà.

Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré tí kò le, tó gbẹ, ló dára jù fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ fi ìka di ewé fáànù mú, nítorí afẹ́fẹ́ líle lè mú un yí ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, kí ó sì ba inú rẹ̀ jẹ́. Ìró tí fáànù bẹ́ẹ̀ máa ń mú wá kì í lọ mọ́. Bí ẹ bá yọ irin pẹ̀lú, ẹ nu pásìtì àtijọ́ tó wà láàrin òun àti prósẹ́sọ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ fi tuntun sí i, tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ, láàrin gbùngbùn. Irin fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́ tán. Mo ń ṣe èyí kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tó bá ti lọ. Mo ti rí i pé kò sí owó tí mo ná lórí fáànù tó dín ariwo kù tó bí iṣẹ́ ọwọ́ yìí ṣe dín in kù.

Ó ku bí a ṣe máa sọ fún fáànù náà kí ó yí. Bí kọ̀ǹpútà bá dé láti ilé iṣẹ́, fáànù rẹ̀ máa ń tẹ̀lé ooru prósẹ́sọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́: ó gbóná díẹ̀, fáànù yára, ó tutù díẹ̀, fáànù rọlẹ̀. Lórí ìwé, ó bọ́gbọ́n mu. Nínú yàrá tí a ti ń gbọ́ ohùn, òun ló burú jù lọ, nítorí etí lè gbàgbé ìró tó dúró sí ojú kan, ṣùgbọ́n kò lè gbàgbé èyí tó ń gòkè tó ń sọ̀. Ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀ ni etí Yorùbá ti ń tẹ́tí sí láti inú ìkókó. Mo wọ inú ètò ìpìlẹ̀, mo fi fáànù tèmi sórí 1400, mo ní kí ó dúró síbẹ̀ títí ooru prósẹ́sọ̀ yóò fi dé 80, kí ó tó kúrò. Bí mo bá ń tẹ ọ̀rọ̀, kì í dé ibẹ̀.

Gbogbo èyí kò sí ní ọjà Ṣábẹ̀ẹ́. Fáànù náà gba ọwọ́ ẹni tó ti Parisi bọ̀. Ó fúyẹ́, kò gbà ju etí báàgì kan lọ. Prósẹ́sọ̀ àti àpótí la rà ní Kutọnu. Mo mọ̀ pé owó tó wà níbẹ̀ lè ra àpò ìrẹsì mélòó kan, n kò sì ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó fi oúnjẹ ilé rẹ̀ ra ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó bá kàn fẹ́ dín ariwo kọ̀ǹpútà tó ní kù, kí ó tú u, kí ó nù ún, kí ó dín wáàtì rẹ̀ kù. Kò ní í ná kọ́bọ̀, yóò sì ti rin ìdajì ọ̀nà.

Ìyá àgbà yẹn ṣì wà. Mo ti rán ẹni kan sí ilé wọn láti béèrè ọjọ́ tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí a lè gba oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n dá, nígbà tí iṣẹ́ oko kò tíì le. Ooru máa mú. Bí prósẹ́sọ̀ bá fẹ́ kọjá 80 lọ́jọ́ náà, màá sọ wáàtì rẹ̀ kalẹ̀ sí i kí n tó gbé máíkì kalẹ̀, fáànù á sì dúró sórí 1400 rẹ̀.